Ẹ-Dìbò àti Ọmọ Bàbá Ṣọ́ọ̀kì

Àwọn ará ilé wa máa ń sọ pé ẹnu mi ò ní bodè. Kò kúkú ní bodè. Bí ó bá ní bodè ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ì bá ṣì wà nílé bàbá rẹ̀ títí di òní, tí yóò máa fi ìwé ṣe ọkọ. Èmi ni mo ṣe alárinà fún un, mi ò sì ní í sẹ́. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi irọ́ tí àwọn kan ń pa kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó yá, ẹ wá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ṣojú rẹ̀.

Akọ̀wé ni mí ní ẹ̀ka físíìsì ní yunifásítì. Ọdún kejìlélógún mi rèé lórí àga kan náà, àga ọ̀hún ti gbó jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, nítorí pé kì í mú ìwé wọ kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì nìkan ló ń mú dání, gbogbo ìyókù wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá di olùkọ́ ní ẹ̀ka kan náà. Ọmọ yìí mọ̀wé débi pé èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ ní Ìyàwó Ìwé. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, bí a bá sì bi í nípa ọkọ, á ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ka ojú ewé yìí tán.” Ojú ewé wo ni kì í tán láyé?

Ní ọjọ́ kan, ó já wọ ọ́fíìsì mi láàárọ̀, omi kún ojú rẹ̀.

“Àǹtí, mo dójú ti ara mi lónìí.”

“Kí ló dé?”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ní kí àwọn olùkọ́ máa lo ọ̀nà tuntun kan. Olùkọ́ á gbé ìbéèrè sára ògiri, kálukú nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi fóònù rẹ̀ tẹ ìdáhùn, orúkọ ẹnikẹ́ni ò ní í hàn. Bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀pá ìdáhùn kọ̀ọ̀kan á máa ga lára ògiri, kí olùkọ́ lè mọ iye tó yé àti iye tí kò yé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbéèrè tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì ṣí àwọn ọ̀pá náà sílẹ̀ gbayawu. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ tẹ A. Àwọn yòókù rí i pé ọ̀pá A ló ń ga, ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé wọn bí àgùntàn. Ó lé ní igba èèyàn, A ni gbogbo wọn tẹ̀. A yẹn gan-an ni kò sì tọ̀nà. Ni àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní kó jókòó, mo gbé tẹlifóònù, mo pe ẹ̀ka tó ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi kan ilẹ̀kùn. Ó ga, ó fa irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́, ó gbé báàgì kan tí okùn rẹ̀ ti já, tó fi wáyà so ó. Ìyàwó Ìwé ṣàlàyé fún un. Mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ò ṣe nǹkan burúkú, Olùkọ́,” ó ní. “Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n máa wojú ara wọn ni. Ẹ bo ọ̀pá mọ́lẹ̀. Kí kálukú kọ́kọ́ dá ronú. Tí gbogbo wọn bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ wá ṣí i.”

“Tí ẹnu wọn ò bá wá kò ńkọ́?”

“Ìyẹn gan-an ló dáa jù. Ẹ má tíì sọ èyí tó tọ̀nà. Ẹ ní kí kálukú bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jiyàn, kí wọ́n tún ìbò náà dì.”

“Bí wọ́n bá tún jọ ṣì í ńkọ́?”

“Ìgbà yẹn lẹ tó wá mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èwo ló tún dáa tó ìyẹn?”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó wò ó. Èmi náà wo òun. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin, mo mọ bí obìnrin ṣe ń wo ọkùnrin tó sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ lára. Mo ń to fáìlì tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ọkùnrin yìí a máa wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, kó lè bá a mójú tó ẹ̀rọ. Bí àsìkò bá tó, á kígbe pé, “Ẹ dìbò!” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ọ́ ní Ẹ-Dìbò. Orúkọ náà mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo kíláàsì! Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń sùn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á fọwọ́ lérán, ariwo ẹ̀kọ́ ló kù tó ń ti ibẹ̀ wá. “Kò rí bẹ́ẹ̀ o!” “Gbọ́ ná, gbọ́ ná!” Àwọn tí kì í la ẹnu ń la ẹnu. Mo máa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tí mi ò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kí n ṣáà lè yọjú. Inú mi a máa dùn ṣìnkìn.

Èmi náà ò wá jókòó tẹtẹrẹ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi bàjẹ́ nígbà mẹ́fà lóṣù kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe Ẹ-Dìbò kó wá tún un ṣe, ó máa ń ṣe kòńgẹ́ pé Ìyàwó Ìwé wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ní, “Mà, ẹ ò ki iná bọ̀ ọ́.”

Mo ní, “Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi níṣẹ́ mi? Jókòó kí o mu omi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ìyàwó Ìwé ò tíì dé lọ́jọ́ náà, ni ọkùnrin yìí bá tú ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó ní òun ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka wa yìí rí, lọ́dọ̀ Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, òun sì fìdí rẹmi. Ó ní Bàbá mọ̀wé ju ẹnikẹ́ni tí òun tíì rí lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá parí àlàyé, wọ́n á bèèrè pé, “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo kíláàsì á ní, “Ó yé wa, sà!” Ọmọkùnrin kan sọ nígbà kan pé kò yé òun, Bàbá ní kó wà lórí ìdúró títí kíláàsì fi parí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò tún dán an wò.

“Mo ń pariwo pé ó yé mi, mà, kò sì yé mi rárá. Mo fi físíìsì sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo padà wá ṣiṣẹ́ níbí, mo sọ fún ara mi pé ọmọ kankan ò gbọdọ̀ parọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ tìtorí ìbẹ̀rù.”

“O sì mọ ọmọ ta ni obìnrin tí ò ń wá kiri yìí?”

Ó tẹrí ba. “Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó mọ̀.”

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo fẹ́ tún gbọ́?

Ọdún kan kọjá báyìí. Wọ́n ti ń jọ rìn, wọ́n ti ń jọ jẹun, ó ti kúrò ní “Olùkọ́”, ó ti di “olólùfẹ́ mi”. Ìyàwó Ìwé wá sọ fún bàbá rẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ, nítorí pé ọmọ kì í dá lọ sẹ́nu kìnnìún.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìwé ìròyìn. Ó ṣí ojú ìwé kan, ó pa á dé.

“Ta lo pè é?”

Ọmọ náà tún orúkọ rẹ̀ pè.

“Mo rántí rẹ̀. Mo rántí gbogbo ẹni tó fìdí rẹmi lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí kò lè ka físíìsì tán, tó lọ di oníwáyà, òun ló fẹ́ wá fẹ́ ọmọ mi? Òun náà kọ́ ló kó fóònù wọ kíláàsì? Mo gbọ́ pé ẹ ti sọ ilé ẹ̀kọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ṣeré ìbò.”

“Bàbá, kì í ṣe eré.”

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún márùndínlógójì, n ò lo fóònù. Wọ́n gbọ́ mi.”

Bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu, ó na ìka sí mi. “Ìwọ obìnrin yìí, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ wà nínú rẹ̀.”

Nígbà tí a jáde, Ìyàwó Ìwé ní, “Àǹtí, tó bá lè fojú ara rẹ̀ rí i, ọkàn rẹ̀ á yípadà.” Èrò rẹ̀ dára lójú mi. Ibẹ̀ gan-an la ti ṣi ọ̀nà, àwa méjèèjì tó ń pe ara wa ní ọlọ́gbọ́n. Ó bẹ bàbá rẹ̀ kó wá kọ́ àwọn ọmọ òun ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó mú ṣọ́ọ̀kì dání.

Ó kọ́ wọn nípa bọ́ọ̀lù tí èèyàn jù sókè. Ẹ gbà mí gbọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbàgbé pé iṣẹ́ ń dúró dè mí. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, ìlà tó fà tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Nígbà tó parí, ó yíjú padà.

“Ṣé ó yé yín?”

“Ó yé wa, sà!” Gbọ̀ngàn náà mì.

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ nù, inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ rẹ̀ ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní ìbéèrè kan.” Ó gbé e sára ògiri: bọ́ọ̀lù dé òkè pátápátá, ó dúró bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kó tó máa bọ̀. Kí ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nígbà tó dúró yẹn? A: kò sí nǹkan kan. B: ilẹ̀ ń fà á. D: ọwọ́ tó jù ú ṣì ń tì í.

“Ẹ dìbò!” ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Igba ó lé méjìlá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ọ̀pá ṣí, mẹ́tàdínláàádọ́jọ nínú wọn tẹ A, mẹ́tàdínlógún tẹ D. Àwọn tó gba B, tó tọ̀nà, kò ju méjìdínláàádọ́ta lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ tán ni. Mo rí i tó dúró, tó ń wo ògiri, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ-Dìbò ní kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ariwo sọ. Ọmọbìnrin kan lórí ìjókòó iwájú ń bá èkejì rẹ̀ jà, ó ní, “Tí nǹkan kan ò bá fà á, ṣé kò ní dúró sókè níbẹ̀ ni? Kí ló máa wá gbé e bọ̀ nílẹ̀?” Èkejì nawọ́ mú fóònù rẹ̀. Wọ́n tún ìbò dì. Ọgọ́sàn-án ó lé kan ló tẹ B. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Nígbà tí mo wo ibi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lọ sílé.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. “Ẹ dójú tì mí lójú igba ọmọ. Ẹ ṣètò rẹ̀ ni. Sọ fún oníwáyà yẹn pé kó má dé ẹnu ọ̀nà mi láéláé.”

Mo sunkún. Èmi náà ni mo fọwọ́ sí i pé kó pe bàbá rẹ̀ wá. Ẹ-Dìbò kọ lẹ́tà, ó fi bẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi dá a padà láìṣí i.

Ọ̀rọ̀ wá le sí i. Ẹ-Dìbò rí iṣẹ́ tó dára ní yunifásítì mìíràn tó jìnnà, ìparí oṣù ló gbọ́dọ̀ lọ. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n jọ lọ gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Ìyàwó Ìwé wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó gbé orí lé tábìlì mi.

“Àǹtí, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo máa ń gbàgbé ohun tí mo ń kọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ kí bàbá mi máa wò mí bí ẹni tó kú. Bí kò bá fọwọ́ sí i, n ó jẹ́ kó máa lọ.”

“O máa jẹ́ kí irú ọkùnrin yẹn lọ?”

“Kí ni kí n ṣe?” Ó ń sunkún, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ń bínú sí gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n mi pe ìpàdé ẹbí ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà, kó lè parí ọ̀rọ̀ ọ̀hún pátápátá. Àwa méje la jókòó ní pálọ̀ rẹ̀: òun, ìyàwó rẹ̀, àbúrò wa tó jẹ́ lọ́yà, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin àti aya ìyẹn, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti èmi. Ìyàwó Ìwé wà ní kíṣìnnì, ó ní òun ò lè jókòó. Ẹ-Dìbò wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní òpópónà. Mo ní kó dúró síbẹ̀, kó má wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò fọwọ́ sí i. Ó wo lọ́yà. Lọ́yà ní, “Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí.” Ó wo àkọ́bí rẹ̀. “Bí Bàbá ṣe wí.” Ó kan nọ́ọ̀sì, òun náà wo ilẹ̀, ó ní bákan náà. Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà ní kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló tún ń ṣẹlẹ̀ yìí! Ọ̀pá wà ní gbangba, gbogbo wa ń tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Mo dìde. “Ẹ dákẹ́ ná. A ò tíì dìbò.”

“Ìbò wo?” Ẹ̀gbọ́n mi ranjú mọ́ mi.

Mo ti so kọ̀ǹpútà mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Ẹ-Dìbò ló kọ́ mi, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n: ṣé kí wọ́n fẹ́ ara wọn? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fi í ránṣẹ́ sí fóònù kálukú wa.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ tẹnu yín, a sì ti gbọ́. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò ní í jáde. Bí ó bá dá yín lójú pé tiyín ni gbogbo wa ń ṣe, kí lẹ ń bẹ̀rù?”

Mo mọ̀ pé ìyẹn á wọ̀ ọ́ lára. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde láti inú àpò, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú. Gbogbo wa tẹjú mọ́ fóònù. Iye àwọn tó ti tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Méjì. Mẹ́rin. Mẹ́fà. Ó dúró lórí mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù rẹ̀ dání, ó ń wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó tún wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́. Méje.

Mo ṣí i.

Ọ̀pá kan ṣoṣo ló dìde. Bẹ́ẹ̀ ni: méje. Bẹ́ẹ̀ kọ́: òdo.

Ó pẹ́ kí ó tó yé wa. Lọ́yà ló kọ́kọ́ ka àwa tó wà nílẹ̀, ìka rẹ̀ ń yí ká yàrá. Nígbà tó dé orí ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró. Gbogbo ojú ló yí síbẹ̀. Lọ́yà, iṣẹ́ rẹ̀ náà ni láti wá ọ̀nà àbáyọ fún èèyàn, ó wúkọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bóyá ẹ ṣì í tẹ̀. Lẹ́tà orí fóònù yẹn kéré jù. Ẹ jẹ́ ká tún un dì.”

“Mi ò ṣì í tẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. “Ọkọ mi, kí ló wá dé tí ẹ fi ń dá ọmọ lóró?”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Mo ti bú ọkùnrin náà lójú gbogbo yín. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e mì.” Ó fi awò ojú náà lé orí tábìlì. “Kì í ṣe òun ló dójú tì mí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rántí àwọn ọmọ tí mo kọ́. Igba lọ́dún, fún ọdún márùndínlógójì. Wọ́n ń pariwo sí mi pé ó yé àwọn, mo sì gbà wọ́n gbọ́ nítorí pé ó dùn mọ́ mi. Òun jókòó síbẹ̀, kò yé e, mo fún un ní òdo, ó lọ. Ó padà wá kó má bàa tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo wá lé lẹ́nu ọ̀nà mi.”

Ìyàwó Ìwé ti wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi àwo. Bàbá rẹ̀ rí i.

“Ọmọ mi, ìwọ nìkan ló kù.”

Lọ́yà na fóònù rẹ̀ sí i pé kó fi tẹ tirẹ̀. Ọmọ náà mi orí.

“Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá Lọ́yà, mi ò fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.” Ó rìn wá síwájú bàbá rẹ̀. “Bàbá mi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ fẹ́. Bí gbogbo yín bá tiẹ̀ tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, òun náà ni mo máa fẹ́ràn.”

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Ó wà nínú ọkọ̀ lóde láti àárọ̀. Mo ti rí i láti ojú fèrèsé kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó dé. Lọ pè é wọlé.”

Ọmọ náà ti sáré jáde kó tó parí ọ̀rọ̀. Kò wọ bàtà, kò sì ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń wọlé, ó ń fẹ́ ìwé ìròyìn orí tábìlì ká. Ìyá rẹ̀ dìde láti lọ ti ilẹ̀kùn náà, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Wọ́n ń bọ̀.”